Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Ẹsẹ̀-Irin

Ọkùnrin kan wà tó ń gé aṣọ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ẹsẹ̀-Irin ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe eré ìṣẹ́jú méjì o! Eré wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin, irú èyí tí èèyàn ń sá tí á máa bi ara rẹ̀ pé ta ló rán òun níṣẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì tíì fi í sílẹ̀.

Ohun tí eré kọ́ ọ náà ló fi ń ṣiṣẹ́. Má lo gbogbo agbára rẹ níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, rẹ́rìn-ín, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa mọ̀. Bí o bá sì rí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ jẹ́jẹ́ láti ìdajì ọ̀nà, tí kò kọjá, tí kò fà sẹ́yìn, fura sí i: ó ń tọ́jú agbára ni, ìgbà tó bá ku díẹ̀ ni yóò já ọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni, mi ò bá a jiyàn. Òun ló fi lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí tábìlì kan náà láìpa iṣẹ́ jẹ. Olórí àwọn agéṣọ máa fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù, ipò yẹn sì ni Ẹsẹ̀-Irin ti ń wò láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.

Ìyá Ìbejì, tí òun náà ń gé aṣọ, ni igbákejì rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ju "ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n" lọ. Bí Ẹsẹ̀-Irin bá gé aṣọ tán, òun ni yóò dì í ní ìdìpọ̀, tí yóò kó o lọ fún àwọn aránṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí gbogbo wọn ti lọ jẹun, Ẹsẹ̀-Irin padà wá mú fìlà tó gbàgbé. Kí ló rí? Ìyá Ìbejì nìkan ló wà nídìí tábìlì. Ó ti tú ìdìpọ̀ tí Ẹsẹ̀-Irin gé láàárọ̀, ó ń fi téèpù wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mi orí. Ẹsẹ̀-Irin yọ́ jáde bí olè.

"Àṣìṣe mi ló ń wá," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé. "Ó fẹ́ gba ipò yẹn mọ́ mi lọ́wọ́."

"Baálé mi, ṣé ẹ ti bi í ni?"

"Ta ní í bi olè pé kí ló ń wá? Ìfura loògùn àgbà!"

"Ẹ rọra lo oògùn yẹn, kó má pa yín. Gíláàsì ojú tí dókítà ní kẹ́ ẹ máa lò ńkọ́?"

"Má dárúkọ gíláàsì síbí! Bí wọ́n bá mọ̀ pé ojú ń dùn mí, ta ló máa fi mí jolórí?"

Ìyàwó pòṣé, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹsẹ̀-Irin dẹ pàkúté. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gé kọ́là mẹ́fà kó kúrú. Ó ní bí ọ̀rọ̀ yẹn bá dé etí ọ̀gá ilé-iṣẹ́, a jẹ́ pé Ìyá Ìbejì ló gbé e lọ. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ọ̀gá ò sọ nǹkan kan, àwọn aránṣọ náà ò pariwo. Ká ní ẹlòmíì ni, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ẹsẹ̀-Irin kọ́! Ojú ẹni tó ń sá eré ló fi wò ó. "Háà! Ó ń kó o pamọ́ ni. Ó ń dúró de òpin eré kó tó yọ sí mi." Oorun dá lójú rẹ̀. Ó wá pinnu pé òun lòun máa kọ́kọ́ yọ.

Ní ọjọ́ tí ọ̀gá pe gbogbo agéṣọ jọ láti dárúkọ olórí tuntun, kò tíì la ẹnu tí Ẹsẹ̀-Irin fi bọ́ síwájú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi Ìyá Ìbejì ohun tó ń wá nínú ìdìpọ̀ mi lójoojúmọ́. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà!"

Ìyá Ìbejì wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Mi ò ní fi í sílẹ̀! Sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́!"

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Ọ̀gá ní kí obìnrin náà sọ̀rọ̀. Omi lé sí i lójú. Ó ní oṣù kẹrin rèé tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ti ń yẹ̀: kọ́là kan á kúrú, apá kan á gùn. Torí pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i lòun fi ń fi àkókò oúnjẹ òun tún wọn gé láti ara aṣọ tó ṣẹ́kù.

Ó wá kọjú sí Ẹsẹ̀-Irin. "Nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì, tí mi ò lè dúró pẹ́, ẹ̀yin lẹ gé tèmi mọ́ tiyín fún oṣù mẹ́ta, ẹ ò sọ fún ẹnì kan. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

Ó ti gbàgbé pátápátá. Ojú tì í.

Ọ̀gá ò bínú. Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó fi ìka mú ibì kan lára rẹ̀, ó sì gbé e wá síwájú Ẹsẹ̀-Irin. "Orí nọ́ńbà wo ni ìka mi wà?"

Funfun ni Ẹsẹ̀-Irin rí, àti àwọn ìlà tíntìntín tó ń rìn bí èèrà. Ìyá Ìbejì, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbójú sókè, ètè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí: "Mẹ́tàdínlógójì."

Ó gbọ́ ọ kedere.

"Ọ̀gá," ló wí, "mi ò rí i. Ìyá Ìbejì ni kẹ́ ẹ fi jolórí."