Ọjọ́ Tí Mo Tú Páìpù Ìgbẹ́ Màálù

Lẹ́yìn ìlú Ìrókò, kí o tó rí oko wàrà tí mo ti ṣiṣẹ́ rárá, òórùn ìgbẹ́ màálù ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Òórùn yẹn ò bí mi nínú rí, iṣẹ́ mi ni. Ìgbẹ́ náà á ṣàn wọ inú ẹ̀rọ kan tó ń fún un bí ìgbà tí a bá ń fún pákí rírin. Èyí tó gbẹ á máa já bọ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, màá kó o jọ, màá máa yí i títí ooru ara rẹ̀ á fi lọ, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ á sì wá kó o. Omi rẹ̀, dúdú bí àdín, á lọ sínú kòtò ńlá kan.

Òjò ọdún kan wá pọ̀ débi pé kòtò náà kún dé ẹnu. Mo sọ fún máníjà wa pé ká gbẹ́ òmíràn. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni oko ni?" Nígbà tí mo lọ sinmi nílé, òun àti dírẹ́bà rẹ̀ fa páìpù láti kòtò lọ sínú odò tí gbogbo abúlé wa ń pọn.

Ọjọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́, mi ò tíì wọ bàtà òjò mi tán tí mo fi gbọ́ ariwo ní géètì. Àwọn obìnrin abúlé wa ni. Àbúrò ìyá mi, tí wọ́n tọ́ mi dàgbà, ni wọ́n ṣáájú. Wọ́n gbé garawa omi odò kalẹ̀ níwájú máníjà, ó ń yọ ìfófòó, ó ń rùn.

Àbúrò ìyá mi ní, "Ẹ̀yin náà ń kírun. Ẹ fi ṣe àlùwàlá ká rí yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, òjò máa gbé e lọ."

Àbúrò ìyá mi tẹ́ ìborùn wọn sẹ́nu géètì, wọ́n jókòó lé e, àwọn tó kù sì jókòó tì wọ́n. Ọkọ̀ tó máa gbé wàrà lọ sí Ìbàdàn ò ríbi kọjá, oòrùn sì ti ń mú. Ni máníjà bá jágbe mọ́ mi: "Lọ sọ fáwọn ará ilé ẹ kí wọ́n kúrò lọ́nà!" Àbúrò ìyá mi wò mí láti orí dé bàtà. "Ṣé ìwọ náà lọ́wọ́ sí i?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú eegun.

Mo mú sùpánà, mo lọ sídìí kòtò, mo pa ẹ̀rọ tó ń fa omi náà, mo tú páìpù, mo wọ́ ọ dé géètì, mo sì jù ú sílẹ̀ níwájú máníjà tí omi dúdú fi ta sí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ, kí n má padà wá mọ́. Mo ní mo ti ń lọ kó tó sọ ọ́.

Síbẹ̀, torí páìpù tí a tú ṣeé so padà, àwọn obìnrin náà ò dìde títí wàrà ọjọ́ yẹn fi kan sínú ọkọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni máníjà gbẹ́ kòtò kejì. Odò padà mọ́, àbúrò ìyá mi sì gbé ẹ̀fọ́ wá fún mi.

Àwọn èèyàn máa ń ní kí n jẹ́ kó tán nínú mi, pé ọkùnrin náà ti tún un ṣe. Mo máa ń rí i ní Mọ́níyà. A kì í kíra. Kì í ṣe torí omi wa ló ṣe gbẹ́ kòtò yẹn, torí wàrà rẹ̀ ni. Ká ní omi wa nìkan ló bàjẹ́ ni, à bá ṣì máa mu ún dòní.