Ihò kékeré tí Alhaji kò jẹ́ kí n lu

Mo káwọ́ gbera lónìí, mò ń wo ẹja méje títí wọ́n fi kú.

Ilé Alhaji kan ní àdúgbò Fate ni. Èmi ni púlọ́ńbà tó so páìpù mọ́ táǹkì ẹja ńlá tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Páìpù kan ń gbé omi lọ sínú dúrọ́ọ̀mù lábẹ́ rẹ̀, pọ́ǹpù ń fi ìkejì, tí ẹnu rẹ̀ rì dé ìsàlẹ̀ táǹkì, dá a padà sókè.

Mo ní, "Alhaji, ẹ jẹ́ kí n lu ihò kékeré sára ìkejì yìí, lẹ́bàá ojú omi. Bí iná bá lọ, atẹ́gùn á gbabẹ̀ wọlé, omi ò ní ṣàn padà."

Ó kọjú sí àwọn àlejò tó ń wo fídíò. "Ẹ gbọ́! Ẹni tí ò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí.

Kò pẹ́, iná lọ. Omi ṣàn padà, dúrọ́ọ̀mù kún, ó ya sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Alhaji kígbe mọ́ mi, "Ṣe nǹkan!"

Wàláì, bí mo bá fa páìpù ìkejì yẹn sókè kúrò nínú omi, omi á dúró. Mo ní, "Alhaji, èmi tí mi ò mọ̀wé, kí ni mo lè ṣe?"

Ni Rúkáyà, ọmọ rẹ̀ kékeré, bá sáré wọlé, ó ń fi ife bu omi ilẹ̀ padà sínú táǹkì. "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹja mi ni."

Nígbà tí mo fi fa páìpù náà, orí yanrìn ìsàlẹ̀ táǹkì ni ẹja méjèèje wà, wọ́n ti kú.

Ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ni Alhaji ń sọ. Rúkáyà ló ń sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi sọ òótọ́: ta ni mo fìyà jẹ?