Ihò Kan Lára Páálí

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi ní Ẹ̀pẹ́, ìdí òfì ni mo ti kọ́ ìṣirò. Òwú méjì á gòkè, mẹ́ta á wà nílẹ̀. Bí mo bá ṣì í kà, wọ́n á ní kí n tú gbogbo rẹ̀. Mo máa ń sunkún, wọn ò sì ní bá mi tú u.

Iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ ní Ìgbògbò, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń hunṣọ lábẹ́ àtíbàbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì tán, aṣọ ẹ̀rọ ti gba ọjà, àwọn oníbàárà ò yà sọ́dọ̀ wa mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ wáṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin ará Ọ̀ṣun kan tó ń fi ẹ̀rọ hun súwẹ́tà àwọn ọmọ iléèwé ní àdúgbò Benson. Mo bá a tó káwọ́ lérí. Ọnà tó wà láyà súwẹ́tà ń wọ́, iléèwé sì máa wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó fi páálí tó ń darí ẹ̀rọ náà hàn mí, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara rẹ̀.

"Ibi tó bá ní ihò, ẹ̀rọ á mú òwú funfun. Ibi tí kò bá ní, á mú búlúù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò bí ẹni ń ka òwú, mo ń fi ìlà kan wé èkejì. Nígbà tó yá, mo ní, "Ọmọ mi, ihò kan ò sí níbí."

Ó lu ihò náà, ó tún fa ẹ̀rọ, ọnà sì gún régé.

"Màmá, ṣé ẹ ti lo kọ̀ǹpútà rí ni?"

"Òfì ni mo lò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú páálí yẹn làwọn ahunṣọ òyìnbó fi ń darí òfì wọn láyé àtijọ́, ibẹ̀ sì làwọn tó ronú kan kọ̀ǹpútà ti rí ọgbọ́n mú. Ọjọ́ náà ló gbà mí síṣẹ́, kí n máa lu ihò sára páálí.

Mo sáré lọ pe ọ̀rẹ́ mi. Mo ní kó wá bá mi ṣe é.

"Ẹ̀rọ tó gba oúnjẹ lẹ́nu mi, òun lo ní kí n lọ máa kọ́ níṣẹ́?"

Kò bá mi lọ. Ó ta òfì rẹ̀, ó kó lọ sí Ìjẹ̀dé, ó ń yan ẹja.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀gá mi ra ẹ̀rọ tí kò nílò páálí rárá. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sinmi nílé."

Ìjẹ̀dé ni mo gbà lọ. Ọ̀rẹ́ mi fa àpótí fún mi, ó sì bu ẹja fún mi jẹ.

Ayé ti yí, mi ò sì bá ẹ̀rọ jà. Ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà yín dáadáa. Àmọ́ níbikíbi tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tuntun kalẹ̀ sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.