Ẹ Kú Ìdúró

“Ohun tí mo sọ gùn ju ìyẹn lọ,” ni ìyá àgbà wí. Ó dì mí léjìká mú, kò jẹ́ kí n gun alùpùpù padà.

Igbá ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn ewé dà pọ̀ mọ́ èéfín zémijàn, alùpùpù akérò tó ń gbé wa lọ sílé ní Porto-Novo. Ṣọ́jà kan dúró níwájú wa létí títì, ìbọn kọ́ ọ lọ́rùn, òógùn bò ó lójú. Ìyá àgbà kò gbọ́ Faransé, ṣọ́jà kò gbọ́ Nàgó, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá sì ni ògbufọ̀.

Ìyá ìyá mi ni. Ẹ̀kọ ló ń tà ní ọjà Ouando, ìró ọmọrogùn rẹ̀ nínú ìkòkò ló sì ń jí mi láràárọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá di ìkíni, ẹni tó ń gbálẹ̀ ní tirẹ̀, ẹni tó jókòó lásán pàápàá ní tirẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni kò fi rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ní Avrankou. Àwọn adigunjalè ń dánà, kò sí onízémijàn tó fẹ́ gbé e. Ó ń bẹ̀rù pé ẹ̀gbọ́n òun máa kú kí òun tó débẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kó ṣọ́jà síbẹ̀ lọ̀nà tó là. Lọ́jọ́ yẹn ó bá a láàyè, ó po ẹ̀kọ fún un mu, àwọn méjèèjì sunkún. Bí a ṣe ń bọ̀ ló ní kí a dúró.

“Ẹ kú iṣẹ́,” ló sọ fún ṣọ́jà náà. “Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú àfaradà. Ẹ kú àárò ìyá yín.”

Oòrùn ń jó mi, ilé ni mo fẹ́ lọ. Mo ní, “Ó ní ẹ ṣeun.” Ìyẹn ló bí i nínú.

“Ìyá àgbà, Faransé ò ní gbogbo ẹ̀.”

“Wá a.”

Mo wá a. Mo ní ó rí i pé ẹ ti dúró pẹ́. Ó rí oòrùn lórí yín. Ó ní ẹ kì í sùn kí òun lè sùn. Nígbà tí mo dé orí àárò ìyá rẹ̀, ṣọ́jà náà ṣí fìlà, ó nu ojú. Ó ní láti ìgbà táwọn ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì dúró kí àwọn. Ó ní wọ́n ń kó àwọn lọ sí àríwá lọ́la, níbi tí ewu ti pọ̀ ju tibí lọ. Ó wá bi mí bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

“Òo,” ni mo wí.

Ìyá àgbà tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ṣọ́jà náà dáhùn, “Òo,” kó tó gba ẹ̀kọ tí ìyá àgbà nà sí i.

Àwọn ṣọ́jà mìíràn la bá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mi ò mọ̀ bóyá ó padà wálé. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyá àgbà ń lọ títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi kú, ọwọ́ rẹ̀ náà ló sì kú sí.

Òun náà ti lọ báyìí. Mò ń gba Sèmè-Kpodji lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ojú sì ṣì ń tì mí pé ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ fún ọkùnrin yẹn. Tí mo bá rí ṣọ́jà létí títì, mo máa ń sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, mo máa kí i ní Nàgó, lẹ́yìn náà ní Faransé. Mi ò fi ìkankan sílẹ̀ mọ́.