Ọjọ́ Tí Ọwọ́ Onígbàjámọ̀ Gbọ̀n

Orí ọmọ tuntun àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn láyé mi, díẹ̀ ló kù kí n sá nídìí rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ọ̀gá mi, Bàbá Sàlámì, onígbàjámọ̀ àgbà nílùú Ìrókò, mú mi lọ sílé àgbẹ̀ kan tí ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin. Wọ́n gbá ìka mi mú, wọ́n gbé e lé àárín orí ọmọ náà. Ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó sì ń lù kì, kì, kì.

"Bàbá, kí ló ń lù yìí?"

"Àwùjẹ̀ nìyẹn. Eegun ò tíì bo ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ gan-an nìyẹn. Orí yòókù, ẹnikẹ́ni tó bá lọ́wọ́ lè fá a."

Bí mo ṣe di onígbàjámọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé n kò ní kílípà o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní dígí ńlá, jẹnẹrétọ̀ mi sì ń pariwo ju ti gbogbo aládùúgbò lọ. Ṣùgbọ́n tí ìdílé Mùsùlùmí bá bímọ, tó di ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, abẹ la fi ń fá irun tó gbé wá láti inú ìyá rẹ̀. Abẹ tuntun, ọṣẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àti ọwọ́ tó balẹ̀. Ọwọ́ tó balẹ̀ yẹn ni wọn kì í tà lọ́jà.

Àwọn tí kì í jẹ́ kọ́wọ́ èèyàn balẹ̀ ni àwọn bàbá ọmọ, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí. Wọn á dúró tì ọ́ lẹ́yìn, wọn á máa mí sí ọ lọ́rùn. "Ẹ rọra o." "Ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyẹn?" Oníyẹ̀yẹ́ sì ni mí. Màá ní, "Bàbá ọmọ, ẹ bọ́ síta, ẹ lọ bá wa ka ewúrẹ́ àdúgbò. Tí mo bá ṣe tán, màá bi yín ní iye wọn." Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń la pákó, lọ kà wọ́n lóòótọ́. Ó ní mọ́kànlá ni, ọ̀kan sì lóyún.

Nǹkan kan wà tí mo ń fi ẹ̀rín yẹn bò mọ́lẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí èmi àti Rùká, ìyàwó mi, ti fẹ́ra, a kò tíì gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé wa. Tí mo bá ti ibi ìsọmọlórúkọ dé, n kì í tètè wọlé. Ìta ni mo ti ń fọwọ́, tí mo ń gbọn aṣọ, kí irun ọmọ ọlọ́mọ má baà bá mi wọlé. Rùká kì í bínú. Ohun tó máa ń bi mí kò ju, "Akọ ni àbí abo?" Tí mo bá dáhùn, á ní, "Ọlọ́run á wò ó," á sì gbé oúnjẹ wá. Ìbéèrè yẹn máa ń dùn mí dé akínyẹmí ara.

Nígbà tí Ọlọ́run sì máa ṣe é, ó ṣe é. Ọ̀sán gangan ni Rùká bímọ, nílé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, "Bàbá ọmọ dà?" Mo wẹ̀yìn, mo ń wá ẹni tó ń pè.

"Ẹ̀yin mà ni!"

Mo wọlé. Ó ti rẹ Rùká tẹnutẹnu, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò ní bi mí ni? Ẹ bi mí ní akọ ni àbí abo."

Mo bi í.

"Abo ni."

Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé níwájú nọ́ọ̀sì.

Ó wá di ọjọ́ kẹjọ. Ta ni yóò fárí? Ìbéèrè wo nìyẹn! Rùká ti sọ fún mi pé, "N ò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lórí ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbọ́ bí ẹ ṣe ń fá ti ọmọ ọlọ́mọ." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ààfáà ti jókòó, èrò ti kún. Bàbá Sàlámì, tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì tí wọ́n sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààfáà. Rùká gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Mo fá ọ̀tún, mo fá òsì, mo fá ìpàkọ́. Mo dé àárín. Àwùjẹ̀ ń lù kì, kì, kì. Ni ọwọ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo gbé abẹ sílẹ̀, mo nu ọwọ́, mo tún gbé e. Pàbó! Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí. Àwọn orí tí mo ti ń fá tẹ́lẹ̀, orí lásán ni wọ́n lójú mi. Lábẹ́ èyí, gbogbo ọdún mẹ́fà Rùká ló wà níbẹ̀. Tí mo bá ṣèèṣì ńkọ́?

Ààfáà na ọrùn wò. "Mùráínà, ṣé ààsó lo fẹ́ dá sórí ọmọ Mùsùlùmí ni?" Ìdì irun tí àwọn ará àtijọ́ máa ń dá sí àárín orí ni ààsó. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan sì kígbe láti ẹ̀yìn, "Bàbá ọmọ, ẹ bọ́ síta, ẹ lọ ka ewúrẹ́!"

Onípákó ọjọ́sí ni. Ó gbẹ̀san.

Rùká nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ṣé orí ọmọ ọlọ́mọ nìkan lọwọ́ yín ń balẹ̀ lé ni?"

Mo na abẹ sí Bàbá Sàlámì. "Ẹ gbà mí, Bàbá. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Ojú tí n ò fi rí ìwọ dáadáa ni kí n fi fá àwùjẹ̀?" Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n táràrà wá ìka mi, wọ́n gbé e lé àárín orí ọmọ náà. "Gbọ́, Mùráínà. Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí, ìyá mi ló fá orí àkọ́bí mi. Mo sá lọ sóko. Mo ní ilá ń gbó."

Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá fúnra wọn kò bá wa rẹ́rìn-ín. "Ó ṣì ń dùn mí dòní. Má sá. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wà lórí ọmọ rẹ, yóò balẹ̀."

Mo dúró. Kì, kì, kì. Mi ò mọ iye ìgbà tó lù. Nígbà tó yá, mo rí i pé abẹ kò mì mọ́. Rùká di orí ọmọ mú, mo sì ń fá a díẹ̀díẹ̀ títí irun tó kẹ́yìn fi bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò yọ. Orí náà kò fi bẹ́ẹ̀ dán ṣá o. Ààfáà ní ó dà bí oko tí wọ́n fi àdá tó kú ro. Wọ́n sọ ọmọ ní Kúdíráàtù. Rùká wò mí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Kúdí."

Kúdí ti ń sáré kiri ṣọ́ọ̀bù báyìí. Irun orí rẹ̀ kún bí igbó, kì í sì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ìyá rẹ̀ ló ń dì í. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ fárí ọmọ lábà kan lẹ́yìn ìlú. Bàbá ọmọ, ọ̀dọ́kùnrin kan, ti gbọ́ ìròyìn mi. Bí mo ṣe gbé omi sílẹ̀ ló ti dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ ka ewúrẹ́, sà."

"Jókòó," mo ní. "Mú ìka rẹ wá."

Mo gbé e lé àwùjẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló ń lù yìí, sà?"

"Ọmọ rẹ nìyẹn."