Erin Ò Bá Wọn Sáré

Òórùn atalẹ̀ àti epo gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àwọn Ṣáínà kan ní Riverdale Park nílùú òyìnbó níbí, lórí Route 1. Nọ́ọ̀sì ni mọ́mì mi, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi àti ìyá àgbà, ìyá tó bí wọn, la jọ lọ jẹ ìrẹsì àti ẹja. Ó ku díẹ̀ kí ìyá àgbà padà sí Ìbàdàn. O mọ̀ mí, ọ̀rẹ́: gbogbo ẹgbẹ́ wa ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi nìkan ló jókòó sílé tí mò ń bá fíríìjì ṣọ̀rẹ́. Ohun tí ìyá àgbà máa lọ sọ nípa mi nílé ló ń já mi láyà.

Mo rí bébà pupa kan lábẹ́ abọ́ mi, ẹranko méjìlá ló wà lára ẹ̀, ọdún kọ̀ọ̀kan ní ẹranko tiẹ̀, ẹranko ọdún tí wọ́n bí èèyàn ni àwọn Ṣáínà máa ń pè é. Èmi ọ̀dẹ̀, mo wá ọdún tí wọ́n bí mi, mo pariwo: "Ìyá àgbà, ẹlẹ́dẹ̀ ni mí!"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Astaghfirullah! Èmi tí wọ́n ń fi erin kì láti ìran baba mi? Ṣé ohun tí mo máa lọ sọ nílé nìyẹn?"

Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́ wa, ó bi mí léèrè oṣù tí wọ́n bí mi. Mo ní Jánúárì. Ó rẹ́rìn-ín: ọdún tiwọn ò tíì yí nígbà yẹn, oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń kà á. Ajá ni mí.

Mo túmọ̀ ẹ̀, mo ń retí ìfọ́tí. Àmọ́ ojú ìyá àgbà rọ̀. "Oṣù ni wọ́n ń wò? Bíi ti ààwẹ̀ wa!"

Ni àǹtí bá pìtàn fún wa. Láyé àtijọ́, ọba ọ̀run ní káwọn ẹranko sáré kọjá odò, bí wọ́n ṣe dé ni wọ́n ṣe pín ọdún. Orí màlúù ni eku gùn tó fi ṣe ìkíní. Ajá mọ odò wẹ̀ dáadáa, àmọ́ eré ló dúró ṣe nínú omi, ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló dé sẹ́yìn ẹ̀.

"Erin ńkọ́?" ni ìyá àgbà bi mí.

"Kò sí erin níbẹ̀, mà."

"Erin ò bá wọn sáré?" Wọ́n tún ṣíbí wọn mú. "Ó ṣì ń bọ̀ nìyẹn."

Wọ́n wò mí. Ẹja wọn ni wọ́n ń jẹ lọ.

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà padà délé, àbúrò mọ́mì mi pè mí láti Ìbàdàn. "Ìyá àgbà ní o ṣì wà lódò tó ò ń ṣeré. Odò wo ni, lọ́lá Ọlọ́run?"

Ẹ̀rín pa mí, ojú mi sì kún fómi. Gbogbo ìjayà mi, ohun tí wọ́n lọ sọ nìyẹn. Ajá tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó dé tòun ti omi lára, kò sẹ́ni tó gba ọdún ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn," mo ní, "mo ti ń jáde nínú odò."