Oòrùn Mẹ́rin Lórí Fóònù Ṣẹ̀hìndé

Ìdọ̀bálẹ̀ àna kì í dẹ́rù ba ènìyàn. Ti Olúfẹ́mi dẹ́rù ba Ọláṣẹ̀hìndé.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nínú oṣù kẹta. Ooru mú ní Kàdúná débi pé ajá ń yọ ahọ́n lábẹ́ ọkọ̀. Òjò kò tíì kán láti oṣù kẹwàá. Ṣẹ̀hìndé jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, lẹ́yìn gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Television, níbi tí ó ti ń lẹ táyà. Morọ́láyọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọlé pẹ̀lú Olúfẹ́mi, ọkọ rẹ̀. Ìgbéyàwó wọn kò ju oṣù mẹ́rin lọ. Iṣẹ́ ìjọba ni Olúfẹ́mi ń ṣe, àdúgbò Kabala Doki ló ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́fà ju Ṣẹ̀hìndé lọ. Ó kàwé títí ìwé fi tán. Síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni Ṣẹ̀hìndé. Bàbá wọn ti kú. Débọ̀, àkọ́bí, ti kú. Ẹni tó kù ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bùọ̀dá, àṣẹ la wá gbà," Olúfẹ́mi wí láti ilẹ̀. "Nígbà ìsinmi Àjíǹde, a fẹ́ lọ gbafẹ́ ní erékùṣù kan lápá Badagry. Ọjọ́ mẹ́ta. Òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn. Oòrùn àti iyanrìn nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ẹ dìde," ni Ṣẹ̀hìndé wí. 

Ìyá wọn ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìyá Débọ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Kò sẹ́ni tó láyà láti gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀nà Àbújá kò dẹ́rù bà mí tó omi," ó wí. "Àmọ́ ẹ ti dàgbà. Ṣẹ̀hìndé ni yóò wo ojú ọjọ́. Òun ló máa ń wò ó fún wa. Bó bá ní ẹ lọ, ẹ lọ. Bó bá ní ẹ má lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ àwíjàre."

"Bùọ̀dá mi, ẹ bá wa wò ó dáadáa o," ni Morọ́láyọ̀ wí. "Mo ti ra fìlà oòrùn. Ẹ má jẹ́ kó di fìlà òjò mọ́ mi lórí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣẹ̀hìndé náà rẹ́rìn-ín. 

Ohun tí wọn kò mọ̀ nìyí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà Àjíǹde, Débọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí kan náà. Ilé iṣẹ́ kan ní Kudenda ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ ṣe fàájì lórí omi ní Èkó. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ló ní. Ó ní, "Ṣẹ̀hìndé, ìwọ oní-fóònù ńlá, bá mi wo Èkó. Ṣé òjò wà níbẹ̀?" Ṣẹ̀hìndé tẹ fóònù. Oòrùn mẹ́rin ló yọ, fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n tò bí ẹyin. "Oòrùn ni, bùọ̀dá. Ẹ lọ jayé orí yín." Débọ̀ gbá a ní ìpàkọ́ jẹ́jẹ́, ó sì lọ.

Ìjì jà lọ́sàn-án Sátidé. Ọkọ̀ ojú omi dojú dé. Ẹni mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló jáde. Débọ̀ kò sí nínú àwọn mẹ́rin náà.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Ṣẹ̀hìndé tún ṣí fóònù. Oòrùn tún ni, mẹ́rin. Lókè wọn, orúkọ ìlú wà níbẹ̀ ní lẹ́tà tín-ín-tín. Ó fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a, b, d. Kàdúná ni.

Fóònù kò parọ́. Ibi tí wọ́n gbé e dúró sí ló ń sọ. Oòrùn wà ní Kàdúná lóòótọ́. Ṣẹ̀hìndé ni kò béèrè Èkó lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnì kan. Ìyá rẹ̀ a máa sọ fún àwọn tó wá kí i pé òjò ọ̀dàlẹ̀ ló pa ọmọ òun, pé fóònù pàápàá kò rí i kó tó dé. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, Ṣẹ̀hìndé á dìde, á lọ dúró síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Nímọ́tà. Nímọ́tà ń ta káàdì àti dátà lábẹ́ agboòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí Ṣẹ̀hìndé fi ń fẹ́ táyà. Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kì í rìn láì mú Hausa dání.

"Nímọ́tà, báwo ni èèyàn ṣe ń béèrè ìlú mìíràn lọ́wọ́ fóònù?"

"Haba, Malam! Ó tó ọdún mélòó tí o ti ní fóònù yìí?" Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ibí ni wàá kọ orúkọ ìlú sí. Tí o ò bá kọ ọ́, ibi tó o dúró sí ló máa sọ fún ẹ. Ta ni ò mọ ìyẹn?"

Ṣẹ̀hìndé wo ilẹ̀. 

Nímọ́tà wá ojú ọjọ́ erékùṣù náà lọ́nà mẹ́rin, nítorí pé onírúurú áàpù tó ń sọ ojú ọjọ́ ló wà lórí fóònù. Ti àkọ́kọ́ ní oòrùn ni. Ti ìkejì ní òjò ni. Ti ìkẹta ní kùrukùru ni, oòrùn yóò máa yọjú. Ti ìkẹrin ní òjò àti àrá, bóyá.

"Èwo ni òótọ́?" ni Ṣẹ̀hìndé béèrè.

"Wallahi, mi ò mọ̀. Ọ̀kan ní láti máa parọ́."

"Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń parọ́ ńkọ́?"

Nímọ́tà wo ojú rẹ̀. "Kí ló ń gbọ̀n ẹ́ báyìí? Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó o rọ òjò náà ni?"

Ṣẹ̀hìndé padà sídìí iṣẹ́. Ó ti túùbù kan bọ omi inú agbada. Omi ń hó níbi tí ó lu. Ó dúró, ó ń wò ó. Èèyàn kì í bá túùbù jiyàn. Èèyàn kì í bi í pé ṣé ó lu. Omi ni a ń tì í bọ̀, a ó sì wòran.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pinnu láti ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orí fóònù bọ omi.

Ó gba nọ́ńbà fóònù ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn lọ sí erékùṣù náà lọ́wọ́ Olúfẹ́mi. Àgbàlagbà kan ló ni ọkọ̀ náà, orí erékùṣù ló ń gbé, Bàbá Matilda ni wọ́n ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Ṣẹ̀hìndé a pè é, a bi í bóyá òjò rọ̀. Lẹ́yìn náà a fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí táyà fa ìlà sára ògiri. Òbìrìkìtì ni oòrùn. Ìlà mẹ́ta ni òjò. Ohun tí fóònù wí wà lápá òsì, ohun tí Bàbá Matilda rí wà lápá ọ̀tún.

"Ẹ káalẹ́, sà. Èmi ni, láti Kàdúná."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ Kàdúná tó ń ra òjò! Kò rọ̀ lónìí o. Ṣé kí n bu ti àná ránṣẹ́ sí ọ?"

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹrin, àgbàlagbà náà kò ṣẹ̀fẹ̀. "Ó rọ̀. Lọ́sàn-án. Ìjì ká òrùlé ilé ìdáná mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án padà tán." Ṣẹ̀hìndé wo ara ògiri. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ti sọ pé oòrùn ni. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ó jókòó síwájú ògiri. Ohun tí fóònù sọ ní ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀, òfo ni. Ti ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀, òfo ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ọ̀la nìkan, ìkẹta nínú mẹ́rin náà máa ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá nínú méjìlá ló ṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì tó ṣì í yẹn ni kò jẹ́ kí Ṣẹ̀hìndé lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ó pe Bàbá Matilda, ó sọ ohun tó rí fún un.

"Ìyẹn náà dáa," ni àgbàlagbà náà wí. "Tèmi nìyí. Ní àsìkò yìí, ìlà-oòrùn ni ìjì ti ń wá, lẹ́yìn ọ̀sán. Àárọ̀ kì í sábà ní wàhálà. Tí afẹ́fẹ́ òkun bá kú lójijì, tí ìlà-oòrùn dúdú bí ìdí ìkòkò, èmi ò ní tú ọkọ̀ mi. Àwọn ọmọdé tó ń wa ọkọ̀ kejì ni kì í wo òkè."

Ṣẹ̀hìndé ránṣẹ́ pe àna rẹ̀. "Ẹ lọ. Àárọ̀ ni kí ẹ fi sọdá. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹ dè é kó le. Ẹ má padà láì gbọ́ ohùn mi."

"Bùọ̀dá, ẹ ti di ọ̀gá ojú ọjọ́ o," ni Olúfẹ́mi wí, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sọdá. Morọ́láyọ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ láti èbúté: òun, fìlà rẹ̀, ẹ̀wù ìléfòó aláwọ̀ ọsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, nẹ́tíwọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń wọlé, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbádùn. Oòrùn ràn ní Ọjọ́bọ̀. Ó ràn ní ọjọ́ Ẹtì. Ṣẹ̀hìndé kò sùn.

Láàárọ̀ Sátidé, ìkẹta yí ohùn padà. Àrá àti òjò líle, láti agogo méjì ọ̀sán. Ó pe Olúfẹ́mi. Kò wọlé. Ó pe Morọ́láyọ̀. Kò wọlé. Ó pe Bàbá Matilda. Fóònù rẹ̀ ti kú. Agogo mẹ́wàá lù. Mọ́kànlá lù. Aago ara ògiri ń dún létí rẹ̀ bí òòlù. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà, ó ń wo ọwọ́ tí Ṣẹ̀hìndé fi ń tẹ fóònù.

Ní agogo kan kọjá díẹ̀, Olúfẹ́mi gbé e.

"Bùọ̀dá, ẹ kú ọ̀sán o. A ti fẹ́ wọkọ̀ báyìí."

"Ẹ má wọkọ̀. Ìjì ń bọ̀."

"Ìjì kẹ̀? Oòrùn ń yan wá bíi súyà níbí. Bàbá Matilda lọ sí ọjà, ọkọ̀ kejì ló ń dúró dè wá. Mo sì ti wo fóònù tèmi. Oòrùn ni títí di ọjọ́ Ajé."



"Ẹ wo òkè fóònù yín. Ẹ ka orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀."

"Bùọ̀dá, mo mọ̀wé kà o."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi kà á."

"Ẹ ẹ̀ rí i, ọkọ̀ ti ń…"

Ìyá rẹ̀ ti gbójú sókè. Bí Ṣẹ̀hìndé bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ohùn náà á já. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń dúró. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Bí mo ṣe wò ó fún Débọ̀ nìyẹn," ó wí. "Ó ní kí n wo Èkó. Kàdúná ni mo wò. Mo ní oòrùn ni. Èmi ni mo ní kó lọ. Olúfẹ́mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ka òkè."

 Lẹ́yìn náà ohùn Olúfẹ́mi padà wá. Ó ti kéré.

"Kàdúná ló wà níbẹ̀," ó wí. "Dátà ò wọlé níbí. Èyí tó gbé wá láti ilé ló ṣì ń fi hàn mí."

"Ẹ wo ìlà-oòrùn."

Ṣẹ̀hìndé gbọ́ ohùn Morọ́láyọ̀ lẹ́yìn. "Fẹ́mi, ṣé o rí i pé afẹ́fẹ́ ti dúró?" Ẹnì kan kígbe pé kí wọ́n yára. Ẹ̀rọ ọkọ̀ bú. Ohùn já.

Ó tún pè. Kò wọlé. Ó pè títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi ń dun ún.

"Ìwọ lo ní kó lọ?" ni Ìyá Débọ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ni, màámi."

"Kàdúná lo wò."

"Kàdúná ni."

Ó dìde. Àtẹ ẹ̀wà dojú dé. Kò wò ó. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.   

Agogo méjì lù. Mẹ́ta lù. Lójú ọ̀run Kàdúná, kò sí kùrukùru kan ṣoṣo. Ṣẹ̀hìndé kórìíra rẹ̀.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́rin lù, fóònù dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ìka rẹ̀ kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí gbà.

"Gbé e!" ni ìyá rẹ̀ pariwo.

Ariwo kan wọlé bí ẹni da òkúta sórí páànù, ohùn Morọ́láyọ̀ sì wà láàárín rẹ̀.

"Bùọ̀dá! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? A wà nílé ìdáná Bàbá Matilda! A ò wọkọ̀! Òjò yìí, háà, òjò yìí…"

"Ọkọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti lọ láìsí wa. Omi wọ̀ ọ́ dé ìdajì. Wọ́n fi okùn fà á padà. Gbogbo wọn yè. Fìlà mi ti lọ o, bùọ̀dá!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ìyá wọn gba fóònù.  Ó kàn ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ títí ó fi tán. Ó dá fóònù padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Ṣẹ̀hìndé lóṣòó tì í, ó ń bá a ṣa á. 

"Wo ti ọ̀la," ni Ìyá Débọ̀ wí.

"Màámi?"

"Wọ́n ṣì máa sọdá. Wo ti ọ̀la."

 Ṣẹ̀hìndé kọ orúkọ erékùṣù náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Má tíì sọ ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Orúkọ ìlú ná. Kà á sókè."

Ó kà á sókè.

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Ìyá rẹ̀ mi orí. Ó ṣì ń wo ẹ̀wà.

"Ó dáa. Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"